Ẹsẹ̀ Tí Ó Bá Ọkọ̀ Mu

Àwa Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ṣeré. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àyànmọ́, orí ni a kọ́kọ́ ń dárúkọ, ṣùgbọ́n àwọn babaláwo kì í ṣàì rán wa létí pé ẹsẹ̀ ni yóò gbé orí náà dé ibi tí ire rẹ̀ wà. Bí àlejò bá wọ ilé tí ire sì tẹ̀lé e, a ó ní ẹsẹ̀ rere ni ó gbé wọlé. Bóyá ìdí nìyí tí a kò fi wá orúkọ lọ sí ọ̀nà jíjìn nígbà tí mọ́tò dé sí ilẹ̀ wa: ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni a pe ohun tí ó fi ń rìn. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí gan-an ni ó kọ́ mi lọ́gbọ́n ní ọdún 2011, n kò sì ní fi ìtìjú tí ó bá mi níbẹ̀ pa mọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí.

Mo ra Toyota Celica tòkunbọ̀ kan, èyí tí wọ́n ṣe ní 2001. Ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì ni, imú rẹ̀ rí ṣóńṣó, ìdí rẹ̀ ga, ó sì lúgọ sílẹ̀ bí ológbò tí ó rí eku. Láti 1970 ni ilé-iṣẹ́ Toyota ti ń ṣe Celica; ìran keje ni tèmi, òun náà sì ni àṣekágbá, nítorí pé ní 2006 ni wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe é. Láti inú èdè Látìn ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni 'ti ọ̀run'. Mo ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà, ọmọ mẹ́ta ni ó wà nílé, ìyàwó mi sì fi ẹ̀rín bi mí léèrè ibi tí àwọn ọmọ yóò jókòó sí. N kò rí èsì gúnmọ́ kan fún un. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ojú mi ti rí nígbà èwe tí ọwọ́ mi kò tó.

Ohun kan ṣoṣo ni kò tẹ́ mi lọ́rùn lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ó bá dé kéré lójú mi. Rímù ìǹṣì 15 ni, táyà tí ó wọ̀ sì ki pọ̀pọ̀. Ní Èkó, bí ènìyàn bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí òde ìnáwó, rímù ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń bá ni wá ibi ìgúnlẹ̀ sí yóò kọ́kọ́ wò, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń wo bàtà ẹni tí ó gbé agbádá wọ̀. Ó sì ti di àṣà láàárín wa kí rímù máa tóbi sí i lọ́dọọdún. Ẹni tí ó lo 17 lánàá ń wá 18 lónìí. Ẹni tí ó ní jíìpù kò ní gbà kí wọ́n dárúkọ ohun tí kò tó 20 níwájú òun. Èmi náà kó owó sápò, mo gba ọjà lọ.

Ẹni tí mo bá nídìí ìsọ̀ rẹ̀ kò bi mí ní ìbéèrè kankan ju iye tí mo mú dání lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè pọ̀ tí ó yẹ kí ó bi mí. Ihò márùn-ún ni họ́ọ̀bù Celica ní, lórí òbìrípo tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100. Camry náà ní ihò márùn-ún, ṣùgbọ́n 114.3 ni tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ka ihò lásán yóò ra ohun tí kò ní wọlé láéláé. Èyí tí kò wọlé kò tilẹ̀ burú, nítorí pé owó nìkan ni a ó pàdánù. Èyí tí ó wọlé tí kò sì yẹ kí ó wọlé ni ẹ̀tàn. Rímù Volkswagen Golf ìran kẹrin ní 100 bíi ti Celica, ṣùgbọ́n ihò àárín rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 57.1, nígbà tí orí họ́ọ̀bù Celica kò ju 54.1 lọ. Bí wọ́n bá ti dè é tán, kò sí ojú tí ó lè rí àlàfo mìlímítà mẹ́ta yẹn, àfi ìgbà tí ọkọ̀ bá sáré dé ibì kan tí sítíárìnì sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni bí ẹni tí ibà ń ṣe. Òrùka ni wọ́n ń fi dí i. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé òrùka bẹ́ẹ̀ wà yóò máa nawó lórí sítíárìnì tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Mo ra rímù ìǹṣì 18 pẹ̀lú táyà rẹ̀. Mo sì ti ṣe ìṣirò kí n tó rà á, èyí ni ó dùn mí jù. Lára táyà àtijọ́, ohun tí wọ́n kọ ni 195/60R15. Ẹ jẹ́ kí á tú u wò. 195 ni ìbú táyà ní mìlímítà. 60 kì í ṣe mìlímítà rárá. Ó ń sọ pé gíga ìhà táyà jẹ́ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú rẹ̀, èyí tí í ṣe 117. R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀, 15 sì ni ìwọ̀n rímù ní ìǹṣì láti etí kan dé èkejì. Bí a bá fi ìhà méjèèjì kún rímù, gíga gbogbo ẹsẹ̀ náà láti ilẹ̀ dé òkè jẹ́ mìlímítà 615. Iye yìí ni aago ìsáré mọ̀, òun náà ni jíà mọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rímù tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gé ara táyà kù kí àpapọ̀ má baà yí padà. Bí ó bá fi 225/40R18 sí i, àpapọ̀ di 637, aago yóò sì máa pe 100 nígbà tí ọkọ̀ ti ń sá ju 103 lọ. Èyí tí mo rà ni 215/35R18. Àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 608, inú mi sì dùn pé mo ti gbọ́n ju àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ. Ohun tí n kò kà sí ni pé ìhà tí ó jẹ́ 117 ti di 75.

N kò ní purọ́, ọkọ̀ náà rẹwà. Lórí afárá Third Mainland, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ọ̀nà dá, kò sí ìgbà tí mo yí sítíárìnì tí kò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé táyà tí ìhà rẹ̀ kúrú kì í mì lọ mì bọ̀ kí ó tó tẹ̀lé ọwọ́. Àwọn tí ó fẹ́ràn rímù ńlá kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ní ìdí mìíràn pẹ̀lú: bíréèkì ńlá kò lè wọ inú rímù kékeré. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí wọ́n ti so afárá náà pọ̀ ni ó ń lù mí ní ìbàdí, gbì, gbì, gbì, títí mo fi sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá mi, tí wọ́n ti di olóògbé láti 2018, ti wa Bedford rí, láti Ìbàdàn lọ sí Kano, fún ọdún púpọ̀. Ojú ni ó mú wọn wá sí Èkó lọ́dún náà. Nígbà tí ìtọ́jú parí, mo ní n ó fi ọkọ̀ mi tuntun gbé wọn padà sílé. Kí wọ́n tó wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ wá táyà iwájú, wọ́n sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

“Àkànní, ẹran ara táyà yìí dà?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bàbá, bí wọ́n ṣe ń lò ó báyìí nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọlé kí oòrùn tó mú.”

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ ní 2013 kò ní nílò àlàyé. Nígbà tí a kọjá Ogèrè, òjò ti rọ̀, omi sì ti bo kòtò kan tí n kò mọ̀ pé ó wà. Mo gbọ́ gbàù. Táyà tí ó lẹ́ran lára ìbá wú wọlé, ìbá sì wú jáde. Tèmi kò ní ibi tí yóò wú sí, kòtò àti irin ni ó pàdé. Ọkọ̀ náà fà sí ọ̀tún, síwájú tírélà kan tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Fèrè tírélà náà ṣì ń ké nínú etí mi nígbà mìíràn. Nígbà tí a dúró lẹ́bàá ọ̀nà, etí rímù ti là, ìhà táyà ya bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn níwájú orí bàbá mi níbi tí wọ́n ti forí gbá gíláàsì.

Wọn kò bú mi. Wọ́n fi aṣọ ìnujú nu ojú wọn, wọ́n sì dúró ti mi bí mo ti ń fi táyà ìrọ́pò tín-ín-rín sí i. Ìgbà tí a délé ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan péré: “Páláì mélòó ni táyà yẹn?” N kò mọ̀. Fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ wá wo dókítà ojú, wọ́n á ní kí n má ṣe ìyọnu, mọ́tò èrò ti tó.

Ìbéèrè páláì yìí kò jẹ́ kí n sinmi. Ní ayé tiwọn, páláì ni awakọ̀ fi ń mọ ẹrù tí táyà lè gbé. Lóde òní, nọ́ḿbà kan ni wọ́n ń kọ sí ẹ̀yìn ìwọ̀n táyà. Mo wò ó: 88 ni ó wà lára táyà kékeré tí mo bọ́ kúrò, èyí tí ó dúró fún kílò 560. Lára táyà ńlá tí mo fi rọ́pò rẹ̀, 84 ni, kílò 500. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti pàdánù kílò 60. Òtítọ́ ni pé ẹrù kọ́ ni ó fa ìjàǹbá wa, nítorí àwa méjì péré ni. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé afẹ́fẹ́ inú táyà ni ó ń gbé ọkọ̀, kì í ṣe irin. Bí irin bá ti ń gba ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ó ń lé jáde.

Mo padà lọ sí ọjà, Ládípọ̀ ni lọ́tẹ̀ yìí, mo sì mú ìwé dání. 205/45R17 ìbá fún mi ní 616, ìhà rẹ̀ a sì jẹ́ 92. Bí mo bá ń gbé ibi tí ọ̀nà gbé dán, òun ni n bá mú, n kì bá sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. 205/50R16 ni mo mú. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 611, ìhà rẹ̀ lé ní 102, nọ́ḿbà ẹrù rẹ̀ jẹ́ 87, Toyota fúnra rẹ̀ sì fi rímù ìǹṣì 16 sí àwọn kan nínú Celica ìran yìí. Mo wo ET tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rímù, èyí tí ń sọ bí rímù yóò ti wọ inú tó tàbí bí yóò ti yọ síta tó. Ti ìǹṣì 18 ti yọ síta jù, tí táyà fi ń ha ìbòrí rẹ̀ bí ènìyàn mẹ́ta bá wọlé. Mo wo nọ́ḿbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT pẹ̀lú, 1911, ọ̀sẹ̀ kọkàndínlógún ọdún 2011, kí wọ́n má baà ta táyà arúgbó fún mi.

Àbúrò mi kan wò ó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ ọkọ̀ yín di ti olùkọ́.” Olùkọ́ náà ni mí, n kò bá a jà. Rímù ìǹṣì 18 mẹ́ta tí ó kù wà lẹ́yìnkùlé. Adìyẹ ìyàwó mi yé sínú ọ̀kan.

Ní oṣù kẹrin, mo wa ọkọ̀ náà lọ sí Ìbàdàn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn kò dáhùn ìkíni mi dáadáa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ìhà táyà iwájú, tí wọ́n sì tún tẹ ti ẹ̀yìn. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn eruku ọwọ́ wọn dànù, wọ́n sì pe ìyá mi pé kí wọ́n bá àwọn gbé báàgì wá, pé àwọn ń bá Àkànní lọ sí Èkó.