Akéde Òru

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Èmi kò rántí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún àṣekágbá mi, nígbà tí oorun kọ̀ mí sílẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ṣáà mọ bí ìgbà ìdánwò ṣe ń rí. Mo ń kàwé títí di aago 2 òru lábẹ́ iná mànàmáná. Bí mo bá sì dùbúlẹ̀ tán, fóònù ni mo tún ń tẹ̀. Ojú mi á là bí ojú ológbò. Ní ọjọ́ ìdánwò, mo sùn lọ nínú gbọ̀ngàn. Ìbéèrè 2 péré ni mo dáhùn nínú 4. Mo fìdí rẹmi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó wà ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń tà á láìgba ìwé dókítà, fi ìgò oògùn kan ránṣẹ́. Melatonin ni wọ́n ń pè é. Mo gbé ẹyọ kan mì, mo tún gbé fóònù mi. Oorun kò tètè dé. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé méjì mì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí mi wúwo bí orí ẹni tí ó ru igi.

Mo mú ìgò náà tọ olùkọ́ kan tí ó mọ̀ nípa iṣẹ́ ara lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí kì í gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Akéde ni."

Ó ṣàlàyé pé ẹ̀yà ara kékeré kan ní àárín ọpọlọ, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, ni ó ń ṣe é. Ọdún 1958 ni Aaron Lerner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀, láti ara màlúù. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, akéde yìí á máa ké fún gbogbo ara pé òru dé. Bí iná bá sì ń tàn sójú ẹni, a pa ẹnu mọ́.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 19 jọ ní ọdún 2013, wọ́n rí i pé àwọn tí ó lo oògùn náà fi bí ìṣẹ́jú 7 tètè sùn ju àwọn tí kò lò ó lọ. Oorun wọn fi bí ìṣẹ́jú 8 gùn sí i, ó sì dára sí i díẹ̀.

"Ìṣẹ́jú 7!" ni mo wí. Wákàtí 3 ni èmi fi ń yí gbirigbiri lórí ibùsùn.

Ó ní, "Iná tí o tàn ni ó pa akéde tìrẹ lẹ́nu mọ́, ni o wá ń wá akéde àtọ̀húnrìnwá."

Láti ọjọ́ náà, bí aago 10 alẹ́ bá ti lù, mo pa iná, mo pa fóònù. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni oorun padà, ṣùgbọ́n ó padà. Mo tún ìdánwò náà ṣe, ojú mi sì là dé ìbéèrè kẹrin.

Ẹ jẹ́ kí òru máa jẹ́ òru. A ó sùn, a ó jí o.