Ẹja omi tútù tí wọ́n ń sìn lórí ilẹ̀ gbígbóná ní Florida: Ṣé wọ́n gba òkun là ni, àbí wàhálà òkun ni wọ́n kó wá sórí ilẹ̀?

Bí èèyàn bá gbéra ní Miami, ní ìpínlẹ̀ Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó forí lé apá gúúsù, nǹkan bíi 50 kìlómítà péré ni yóò rìn tí yóò fi kan Homestead. Oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Oko tòmátò, píà àti máńgòrò lọ rẹrẹ, àbàtà ńlá Everglades ń bẹ lápá kan, òkun ń bẹ lápá kejì. Ìlú yìí náà ni ìjì Andrew wó palẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 1992.

Ta ni yóò gbọ́ pé irú ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti lọ ń sin ẹja salmon, tí kò ní í yanu? Ẹja tó jẹ́ pé omi tútù Norway, Scotland àti Chile ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́! Ohun tí ilé-iṣẹ́ Atlantic Sapphire, táwọn ará Norway dá sílẹ̀, gbé dé Homestead nìyẹn. Inú táǹkì ńláńlá lẹja wà, ẹ̀rọ ló ń mú omi wọn tutù, ẹ̀rọ náà ló ń sẹ́ ẹ, wọ́n á sì tún dá omi ọ̀hún padà fún ẹja. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ pa ẹja ibẹ̀ lọ sọ́jà.

Kí ló dé tí wọn ò fi ẹja sílẹ̀ sínú òkun? Ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀ o. Àwọn tó ń sin salmon nínú àwọ̀n lójú òkun ń bá kòkòrò kan jà, ó dà bíi iná orí, ara ẹja ló máa ń lẹ̀ mọ́. Ìgbẹ́ ẹja ń rọ̀ sísàlẹ̀ òkun. Nígbà míì, àwọ̀n á já. Ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Washington lóṣù kẹjọ ọdún 2017, ẹja tó lé ní 240,000 ló sá lọ, nígbà tó di 2018, ìpínlẹ̀ náà ṣòfin pé kí wọ́n fòpin sí sísin ẹja àjèjì nínú omi wọn. Ẹja inú táǹkì kò ríbi sá lọ ní tiẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Abẹ́ ilẹ̀ Homestead dà bí ilé alájà. Omi tí aráàlú ń mu wà lájà òkè, omi oníyọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n bá sì tún gbẹ́lẹ̀ dé nǹkan bíi 900 mítà, wọ́n á kan ihò àpáta tí wọ́n ń pè ní Boulder Zone. Inú ihò yìí ni wọ́n ń da omi ìdọ̀tí sí, tilé-iṣẹ́ àti taráàlú. Omi tó bá wọbẹ̀ kò ṣeé fà padà bọ̀rọ̀.

Iná mànàmáná ńkọ́? Ìwádìí kan táwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà àti Norway ṣe jáde lọ́dún 2016 sọ pé bí wọ́n bá fi iná Amẹ́ríkà sin salmon lórí ilẹ̀, èéfín tó ń mú ayé gbóná á tó kílò 7 lórí kílò ẹja kan. Ti inú òkun Norway ò ju 3.4 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná! Bí wọ́n bá fi bàálù gbé ẹja Norway yẹn dé Amẹ́ríkà, ó di kílò 15.

Ẹ̀rọ náà kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọkàn tán tán. Lóṣù keje ọdún 2020, ariwo àwọn tó ń kọ́lé nítòsí wà lára ohun tó kó ìdààmú bá ẹja, ni wọ́n bá sáré pa nǹkan bíi 200,000 tí kò tíì dàgbà. Lóṣù kẹta ọdún 2021, ìṣòro ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi pa nǹkan bíi 500,000. Lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, iná jó ọgbà ẹja wọn tó wà ní Denmark kanlẹ̀. Àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ mọ̀ pé bí iná bá lọ, àrọ̀ á ṣì yọjú sókè láti mí. Salmon ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Gáàsì ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iná Florida. Torí náà, ẹni tó bá ra salmon ní Miami, kó má wulẹ̀ béèrè bóyá òkun ló ti wá tàbí orí ilẹ̀ nìkan. Kó béèrè irú iná tí wọ́n fi sìn ín, kó sì béèrè bóyá bàálù ló gbé e wá.