Ohùn Ń Dún Nínú Ilé, Ṣùgbọ́n Ọ̀rọ̀ Kò Yé Ìyá

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìrun tàbí ti ààwẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí wọn. Ọ̀rọ̀ sípíkà ilé ni, àpótí tí ohùn ń gbà jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń gbọ́ Àlùkùránì, wáàsí àti rédíò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé, bí ohùn bá ń dún gbì-gbì nínú ilé tí ọ̀rọ̀ kò sì yéni, lọ́pọ̀ ìgbà ibi tí a gbé sípíkà sí ni kò dára, kì í ṣe sípíkà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò fi owó rẹ̀ pamọ́, àlàáfíà yóò sì wà láàárín òun àti aládùúgbò rẹ̀.

Iṣẹ́ ládàánì ni mò ń ṣe ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, èmi náà ni mo sì ń tọ́jú ẹ̀rọ tí a fi ń pe ìrun. Nítorí náà, etí mi ti mọ ohùn tí ó là yàtọ̀ sí ohùn tí ó dí. Ṣùgbọ́n ìyá mi ni ó jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà wọ inú ilé. Ìyá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó rìn dé mọ́ṣáláṣí mọ́. Tàfúsírì tí ó máa ń lọ gbọ́ tẹ́lẹ̀, inú pálọ̀ ni ó ti ń gbọ́ ọ báyìí, láti inú fóònù ọmọ mi àgbà tí a so mọ́ àǹplífáyà àti sípíkà kékeré méjì. Nígbà tí ó ku oṣù kan kí ààwẹ̀ wọlé, ó pè mí, ó ní, “Ọmọ mi, mò ń gbọ́ pé àlùfáà ń pariwo, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohun tí ó ń wí. Àbí etí mi ni ó ti ń lọ ni?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Kí àgbàlagbà má lè rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́, ìyẹn ti tó ìṣòro. Kí ó tún máa rò pé ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ ti tì mọ́ òun, èyí kò ṣe é fojú fò. Ọmọ mi ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí á ra sípíkà ńlá, èyí tí béèsì rẹ̀ lágbára.” Owó tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà ni owó èésú tí ìyá àwọn ọmọ kó, tí ó fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ mìíràn. Ìyá àwọn ọmọ wo ojú mi, ó ní, “Àlùfáà, ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni kí n fi ra ariwo?” Mo bẹ àwọn méjèèjì kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí mo pè ní béèsì àárín. Ohùn kò ju kí afẹ́fẹ́ máa gbọ̀n lọ. Bí ó bá gbọ̀n ní ìwọ̀nba ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn náà yóò wúwo bí ti ìyáàlù. Bí ó bá gbọ̀n lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, yóò tínrín bí ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Láti nǹkan bí ìgbà 80 títí dé 250 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni béèsì àárín wà. Ìpìlẹ̀ ohùn ènìyàn wà níbẹ̀: ti ọkùnrin sábà máa ń wà láàárín 85 sí 180, ti obìnrin láàárín 165 sí 255. Ibẹ̀ ni ẹran ara ohùn wà. Bí kò bá tó, àlùfáà yóò dà bí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ láti inú agolo. Bí ó bá sì pọ̀ jù, yóò dà bí ẹni tí ó ki orí bọ inú ìkòkò, nítorí pé yóò bo àwọn lẹ́tà tí eyín àti ètè ń pè mọ́lẹ̀, bíi s, f àti t. Àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ni wọ́n ń jẹ́ kí a mọ ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì; ẹni tí ó bá jókòó ní ilé kéú mọ̀ pé bí lẹ́tà kan bá yí, ìtumọ̀ ti yí. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn tínrín ni etí àgbà kọ́kọ́ máa ń pàdánù. Nítorí náà, ohùn tí ó ń dún gbì-gbì ń ni àgbà lára ju ọmọdé lọ.

Bí sípíkà ti ń ṣiṣẹ́ kò le láti mọ̀. Bébà líle kan wà nínú rẹ̀ tí ó rí bí ẹnu àrọ, a sì wé wáyà róbótó kan mọ́ ìdí rẹ̀ láàárín irin òòfà. Iná tí ó ń ti inú àǹplífáyà wá ni ó ń tì í síwájú, tí ó sì ń fà á sẹ́yìn, bébà náà sì ń ti afẹ́fẹ́. Chester Rice àti Edward Kellogg, ará Amẹ́ríkà méjì, ni wọ́n gbé àlàyé irú sípíkà yìí jáde ní ọdún 1925, ọ̀nà yẹn náà ni ọ̀pọ̀ sípíkà ilé ṣì ń tọ̀ títí di òní.

Nínú pálọ̀ wa, tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú àti 14 lóròó, sípíkà méjèèjì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ní igun, ẹ̀yìn wọn sì kan ògiri. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kọ́bọ́ọ̀dù náà nígbà tí àlùfáà ń wáàsí nínú rẹ̀, mo sì rí i pé ó ń gbọ̀n. Inú rẹ̀ ṣófo, nítorí náà kọ́bọ́ọ̀dù ń lu ìlù tirẹ̀ lẹ́yìn ohùn àlùfáà. Ìyẹn ni àléébù kìíní.

Èkejì ni ti ògiri. Ohùn wíwúwo kì í lọ síwájú nìkan bí iná tọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń yí àpótí ká, á lọ kan ògiri, á sì padà. Bí sípíkà bá súnmọ́ ògiri pẹ́kípẹ́kí, èyí tí ó padà àti èyí tí ó ń jáde á jọ máa ti afẹ́fẹ́ pọ̀, béèsì á sì le. Bí ó bá wà ní igun, ògiri méjì ni ó ń dá a padà, á tún le sí i. Ìdí nìyí tí ohùn fi dí nínú ilé wa.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé kí a kàn fà á jìnnà sí ògiri ni gbogbo rẹ̀. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí ó ń gbọ̀n ní ìgbà 100, ìgbì rẹ̀ kan gùn tó mítà 3.4. Bí iwájú sípíkà bá jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì náà, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 86, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 3, ohùn tí ó lọ tí ó bọ̀ yóò fi ìdajì ìgbì pẹ́ lẹ́yìn. Nígbà tí ọ̀kan bá ń ti afẹ́fẹ́, èkejì á máa fà á, wọn á sì pa ara wọn. Béèsì ibẹ̀ á sọnù bí ìgbà tí eyín bá yọ lẹ́nu. Bí a bá sún un dé sẹ̀ǹtímítà 43, ihò náà á kúrò ní 100, á lọ sí 200. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni a ń sún sípíkà, ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí èkejì, kí ẹnì kan máa sún un, kí ẹnì kejì jókòó sí ibi tí a ti ń gbọ́. Kí a má sì jẹ́ kí ìjìnnà rẹ̀ sí ògiri ẹ̀yìn, sí ògiri ẹ̀gbẹ́ àti sí ilẹ̀ dọ́gba, kí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má baà bọ́ sójú kan náà. Tiwa parí sí íńṣì 20 sí ògiri ẹ̀yìn, íńṣì 34 sí ògiri ẹ̀gbẹ́, àti íńṣì 23 sí ilẹ̀.

Ẹsẹ̀ tí sípíkà yóò dúró lé ló kàn. Búlọ́ọ̀kù oníńṣì 9 ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò, mo gbé e dúró lóòró, gíga rẹ̀ sì jẹ́ íńṣì 18. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá ajórin kan, ó fi páìpù irin ṣe ẹsẹ̀ méjì tí gíga wọn jẹ́ bákan náà, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ fífẹ̀ nísàlẹ̀ kí ọmọdé má baà tì í ṣubú. Páìpù òfìfo máa ń dún bí agogo, nítorí náà a rọ yanrìn sí i. A ti kù ú, a sì ti sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ, kí irin má baà dógùn-ún. Mo gé rọ́bà sálúbàtà àtijọ́ sí wẹ́wẹ́, mo fi sí abẹ́ àpótí ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gíga ẹsẹ̀ yìí ń tẹ̀lé ẹni tí ó ń gbọ́: ìyá mi ń jókòó lórí ẹní, nítorí náà mo jẹ́ kí sípíkà kékeré tí ó wà lókè, èyí tí ohùn tínrín ń gbà jáde, kọjú sí etí rẹ̀ gan-an. Ẹni tí ó bá ń jókòó lórí àga yóò nílò ẹsẹ̀ tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ kì í dá béèsì sílẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń mú ariwo kọ́bọ́ọ̀dù kúrò.

Nígbà tí a kúrò ní igun, dídún gbì-gbì náà lọ, ṣùgbọ́n ohùn wá fẹ́lẹ́, kò ní ìpìlẹ̀, kò sì ti àárín jáde. Mo bá wo ẹ̀yìn àpótí. Ẹni tí ó tún àǹplífáyà ṣe fún wa ti so wáyà pupa ọ̀kan mọ́ ojú dúdú, ó sì so dúdú mọ́ ojú pupa. Bí sípíkà kan bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, èkejì ń fà á sẹ́yìn, béèsì méjèèjì sì ń jẹ ara wọn. Gbì-gbì igun ni ó ti bo èyí mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. A pa iná, a tún wáyà náà so bí ó ti yẹ, béèsì àárín sì padà sí ipò rẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì nípa ti ilé yín, ẹ gbé sípíkà méjèèjì kọjú síra wọn pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ gbọ́ ọ. Kí ẹ pa iná, kí ẹ yí wáyà ẹyọ kan ṣoṣo, kí ẹ tún gbọ́ ọ. Èyí tí béèsì rẹ̀ bá nípọn jù ni ó tọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a fi ohùn Sheikh Mahmud Khalil al-Husary ti Íjíbítì sí i, ẹni tí ó ka Àlùkùránì tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sínú ẹ̀rọ ní ọdún 1961. Ìyá tẹ́tí sílẹ̀ títí. Nígbà tí ó ṣe, mo rí i pé ètè rẹ̀ ń jí, ó ń parí áyà mọ́ ọn lẹ́nu. Kò sọ̀rọ̀ etí mọ́. Ìyá àwọn ọmọ ní tirẹ̀ sọ pé àgídìgbo inú àwo Haruna Ishola ni òun fẹ́ fi dán an wò. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ lẹ́yìn ìrun iṣáì.

Èrè kejì tí a rí kò kéré. Ìyá ọmọ tuntun kan ń gbé ní yàrá tí ó kan tiwa. Ògiri lè dá ohùn tínrín dúró, ṣùgbọ́n ohùn wíwúwo máa ń gbà á kọjá, aṣọ kọ́tìnnì kò sì lè dí i. Tẹ́lẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kò yé Ìyá, a máa ń yí bọ́tìnnì ohùn dé 6. Ariwo ni ó ń pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ kò là. Nísinsìnyí, 3 tó wa. Ọlọ́hun kọ́ wa ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ohùn nínú Súrátùl-Isráì, áyà 110, nínú ìrun pàápàá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ nínú ìrun, kí ni a ó wí fún Ọlọ́hun bí a bá fi wáàsí jí ọmọ ọlọ́mọ lójú oorun?

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, kí ẹ tó náwó, ẹ wo wáyà. Ẹ gbé sípíkà kúrò ní igun. Ẹ gbé e lé ohun tí ó wúwo tí kì í gbọ̀n. Ẹ sún ẹní ẹni tí ó ń gbọ́ kúrò ní igun pẹ̀lú, nítorí pé béèsì máa ń kó jọ síbẹ̀. Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí àgbà ilé ṣì ń béèrè pé kí ni wọ́n wí, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn. Owó èésú ìyá àwọn ọmọ ti di ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì ń rán aṣọ ọdún lọ́wọ́. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Rẹ̀ máa wọ etí àwọn òbí wa, kí ó sì máa ti etí wọ inú ọkàn gbogbo wa. Àmín.