Ibo Ni Ẹ Ní Kí Omi Gbà?

Àwọn àgbà a máa wí pé omi kò ní ọ̀tá. Àwa náà ti fi òwe yìí kọ́ àwọn ọmọdé lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ lónìí bí a ti fi ọwọ́ ara wa sọ omi di ọ̀tá aládùúgbò wa.

Gowon Estate ni a ń gbé, ní agbègbè Alimosho ní Èkó, àdúgbò tí a fi orúkọ Ọ̀gágun Yakubu Gowon sọ, ẹni tí ó ṣe olórí ìjọba Nàìjíríà láti 1966 títí di 1975. Ilé-iṣẹ́ omi Ìjù, tí ó ti ń pèsè omi fún Èkó láti ìgbà ìjọba àwọn Òyìnbó, kò jìnnà sí wa púpọ̀. Síbẹ̀ kànga ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbẹ́ sí àgbàlá, ẹni tí kò sì ní agbára rẹ̀ a máa ra omi lọ́wọ́ àwọn tí ń fi ọmọlanke ti kẹ́ẹ̀gì kiri. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a ń wá omi bí ẹni ń wá wúrà. Nígbà òjò, omi yóò wá wa dé inú iyàrá láìjẹ́ pé a pè é.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi jẹ́ àṣẹ ní Èkó pé, ní Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rìn ní ìgboro láti aago 7 títí di aago 10 òwúrọ̀, kí olúkúlùkù lè gbá àyíká rẹ̀, kí ó sì kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà. Àwọn kan pe ìjọba lẹ́jọ́ pé kò tọ́ kí a sé ènìyàn mọ́lé, ilé-ẹjọ́ sì dá wọn láre. Ní November 2016 ìjọba fagi lé ìsémọ́lé náà. A kò bá ilé-ẹjọ́ jiyàn, nítorí òmìnira dára. Ṣùgbọ́n àwa ṣe bí ẹni pé a ti fún ẹrẹ̀ náà ní òmìnira pẹ̀lú: ṣọ́bìrì wa ń dípẹtà ní ẹ̀yìnkùlé.

Kì í ṣe èyí nìkan. Nígbà tí a ra ọkọ̀ àlòkù kan, a pe bíríkìlà, a sì ní kí ó da sìmẹ́ńtì bo gọ́tà iwájú ilé wa, kí a lè rí ibi gbé ọkọ̀ náà sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi wá pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé kí n fi àyè sílẹ̀ tí a ó máa gbà kó ẹrẹ̀?" A dá a lóhùn pé kí ó ṣe iṣẹ́ tí a gbé fún un.

Ní òru ọjọ́ kan ní oṣù July tí ó tẹ̀lé e, òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá títí ilẹ̀ fi mọ́. Omi dé abẹ́ sìmẹ́ńtì wa, ó bá iyanrìn àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ó ti dí ibẹ̀ pa. Ó yà, ó sì wọ ilé ìyá àgbàlagbà kan tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ òpópó. Ní òwúrọ̀ a bá ìyá náà lórí tábìlì, ó ká ẹsẹ̀ sókè. Gàrí rẹ̀ ti rin gbingbin nínú àpò, fọ́tò ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú sì ń léfòó nínú ẹrẹ̀. Kò bú wa. Ó kàn wí pé, "Tíṣà, ibo ni ẹ ní kí omi gbà?" A kò rí èsì kankan fún un.

Lẹ́yìn èyí ni a wá ìwé òfin kà. Abala 20 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Ṣùgbọ́n abala 6 nínú ìwé kan náà kò jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ bi ìjọba léèrè bóyá ó mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Ní 2017, Ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn òfin rẹ̀ lórí àyíká jọ sínú ìwé kan. Ní November 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin lórí àyípadà ojú ọjọ́. Òfin yìí kò ṣàìní ìdí, nítorí àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Celsius kan ṣoṣo móoru sí i, omi tí ó lè gbé a máa fi bí 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Èyí ni ó ń mú kí òjò ńlá túbọ̀ le. Òjò kò sì bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́. Ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa.

A kò gba ẹrù kúrò ní orí ìjọba. Gọ́tà wa ń ṣàn sínú èyí tí ó tóbi ju agbára onílé lọ, bí èyíinì bá sì dí, asán ni iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni a ó fi bi aláṣẹ léèrè nígbà tí sìmẹ́ńtì wa ṣì bo ọ̀nà omi? Nítorí náà a fọ́ ọ. A san owó ohun tí ó bàjẹ́ fún ìyá náà, àyàfi fọ́tò, tí kò ní owó. Àwa àti àwọn ará òpópó ń kó ẹrẹ̀ ní gbogbo Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù, láìsí ẹni tí ó sé wa mọ́lé. Lẹ́yìn náà ni a jùmọ̀ kọ ìwé sí àwọn tí gọ́tà ńlá wà ní ìkáwọ́ wọn, a kò sì ní dákẹ́ títí wọn yóò fi dá wa lóhùn.

Ọkọ̀ wa ń sùn ní ìta báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jáde lọ wo iwájú ilé yín kí òjò tó dé.