Ìwé Ni A Fi Ń Rọ́pò Ìwé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Ìtumọ̀ òwe yìí kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni tí ó ti yá owó rí. Ẹni tí kò bá san gbèsè kékeré kò ní rí ẹni yá a ní èyí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí àìní bá dé. Ọ̀nà ara rẹ̀ ni ó dí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé òwe náà wọ inú ilé ìkàwé ilé-ìwé girama, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yá ìwé ní kíláàsì àṣekágbá tí kò sì dá a padà yóò ṣe ìdánwò tirẹ̀ tán, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Igi tí ó bẹ́ kò dí i lọ́nà rárá. Ọ̀nà ọmọ mìíràn ni ó dí, ọmọ tí ó lè jẹ́ pé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ṣì wà lọ́jọ́ tí ìwé náà sọnù.

Olùkọ́ Yorùbá ni mí. Ìtọ́jú ilé ìkàwé jẹ́ àfikún iṣẹ́ tí a gbé lé mi lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ìwé wa tí kò ní ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà. Ètò yíyá ìwé wa kò le. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan, níbi tí a kọ orúkọ ìwé, orúkọ òǹkọ̀wé, ọjọ́ tí ó dé ọwọ́ wa àti iye tí a rà á sí. Nínú àpò kékeré tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni káàdì rẹ̀ wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ yá a, a ó yọ káàdì náà, a ó kọ orúkọ àti kíláàsì rẹ̀ sí i, a ó sì fi òǹtẹ̀ tẹ ọjọ́ ìdápadà sínú ìwé. Ìwé a lọ, káàdì a dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fún un. Bí ìwé bá padà, káàdì a wọ inú àpò rẹ̀. Bí kò bá padà, káàdì a di opó.

Òfin tí a bá nílẹ̀ fún ìwé tí ó bá sọnù kò ju gbólóhùn kan lọ: kí akẹ́kọ̀ọ́ san iye tí a rà á, tàbí kí ó mú ìwé mìíràn tí iye rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ wá. Lójú àwọn tí wọ́n ṣe òfin náà, ó tọ́. Lásìkò tí ilé ìtàwé kún fún ìwé, owó àti ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ nǹkan kan náà. Ẹni tí ó gba owó lówùúrọ̀ lè ra ìwé náà kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n ayé yí padà. Láti 1986 tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé kalẹ̀, tí iye náírà sì já wálẹ̀, bébà àti iṣẹ́ ìtẹ̀wé gbówó lórí. Ọ̀pọ̀ nínú ìwé Yorùbá tí a kọ́kọ́ tẹ̀ láàrin 1960 àti 1980 ni a kò tún tẹ̀ mọ́. Bí àwọn elétò ìdánwò bá sì pa ìwé àṣàyàn kan tì, tí wọ́n mú òmíràn, kì í pẹ́ tí èyí tí a pa tì yóò fi kúrò lórí àtẹ àwọn tí ń tàwé. Iye tí a kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wa fún irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ra búrẹ́dì kan lónìí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kejì girama àgbà yá Igbó Olódùmarè lọ́wọ́ wa. D. O. Fágúnwà ni ó kọ ọ́, 1949 ni ó sì kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀dà tiwa jẹ́ èyí tí a tẹ̀ kí àkọtọ́ òde òní tó dé. Òjò ńlá kan ṣí òrùlé ilé wọn lóru, ìwé náà sì rin gbingbin pẹ̀lú àwọn ẹrù yòókù. Nígbà tí wọ́n fi máa sá a, ojú ìwé ti lẹ̀ mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Bàbá rẹ̀, tí ó jẹ́ mẹkáníìkì, wá sí ilé-ìwé ní ọjọ́ kejì. Kò bínú, kò sì ṣe àwáwí. Ó ṣí fìlà, ó ní: “Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Èmi ni bàbá ọmọ tí ìwé yín bàjẹ́ sí lọ́wọ́. Ẹ bá mi wo iye tí ó jẹ́, kí n san án.” Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀. Iye tí ó wà níbẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mo ń bá òun ṣe. Ó san ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀, mo kọ ìwé ẹ̀rí fún un, mo sì kọ ọ́ sí iwájú orúkọ ìwé náà pé a ti san án. Ní ti òfin, gbèsè parí.

Ṣùgbọ́n káàdì náà ṣì wà lórí tábìlì mi. Mo kà á. Orúkọ àwọn tí wọ́n ti yá ìwé náà kún ojú rẹ̀ méjèèjì. Àwọn mìíràn nínú wọn ti di òbí, ọ̀kan tilẹ̀ ti di olùkọ́. Mo bi ara mi léèrè pé, ta ni a san gbèsè yìí fún? Àwọn tí orúkọ wọn wà lórí káàdì ti ka ìwé tiwọn. Ilé-ìwé fúnra rẹ̀ kì í kàwé. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè gan-an ni ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ì bá tẹ̀lé ti ọmọbìnrin yìí, owó kò sì lè ṣe é láǹfààní bí kò bá sí ìwé tí owó lè rà.

Mo mú owó náà lọ sí ilé ìtàwé. Mo rí Igbó Olódùmarè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tuntun ni, èyí tí a ti tún àkọtọ́ rẹ̀ ṣe. Mo rà á tayọ̀tayọ̀. Ìtàn kan náà ni, ó sì rọrùn fún ọmọ òde òní láti kà. Ọjọ́ tí mo fẹ́ kọ́ kíláàsì àṣekágbá ní àkọtọ́ ni àlàfo tí ìwé àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ tó hàn. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ti mọ̀, ìpàdé tí àwọn ìjọ C.M.S. ṣe ní Èkó ní 1875 ni ó fìdí àkọtọ́ àtijọ́ múlẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan jókòó lórí rẹ̀ ní 1966, a sì fọwọ́ sí àtúnṣe ní 1974. Báyìí ni “aiye” ṣe di ayé, tí “enia” di ènìyàn, tí “ẹiyẹ” di ẹyẹ, tí “Ilesha” sì di Iléṣà. Olùkọ́ lè kọ gbogbo èyí sí ara pátákó kí akẹ́kọ̀ọ́ há a sórí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i nínú ìwé tí a tẹ̀ láyé ìgbà náà ni yóò tó mọ̀ pé àwọn tí ó ṣáájú kò ṣe àṣìṣe. Òfin tiwọn ni wọ́n ń tẹ̀lé. Ẹ̀dà àtijọ́ yẹn ni mo máa ń ṣí fún wọn. Ẹ̀dà tuntun kò lè ṣe iṣẹ́ náà, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà mí ni pé kí n kó gbogbo ògbólógbòó ìwé sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí n sì tì í pa. Mo mọ ibi tí ìmọ̀ràn náà ti wá. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ṣùgbọ́n mo ti rí òpin irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a ti àwọn ìwé mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù kí ọwọ́ ọmọ má baà dé ibẹ̀. A gbé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, kọ́kọ́rọ́ sì bá a lọ. Nígbà tí a fi já ìlẹ̀kùn, ikán ti jẹ inú ìwé tán, ó ku páálí ẹ̀yìn. Lórí ọ̀pọ̀ nínú káàdì wọn, kò sí orúkọ ọmọ kankan. Ìwé tí a yá tí ó sọnù, ó kéré tán ẹnì kan ti kà á. Ìwé tí a tì mọ́lé títí ikán fi dé, ikán nìkan ni ó ṣí i.

Kò pẹ́ tí bàbá ọmọbìnrin náà fi gbọ́ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ pé ìwé tí a rà kì í ṣe irú èyí tí ó bàjẹ́. Kò gbà pé òun ti bọ́ nínú gbèsè. Ó wádìí kiri títí ó fi kan olùkọ́ àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀kan nínú àwọn tí ń gbé ọkọ̀ wá fún un tún ṣe. Nínú àpótí onípákó ni bàbá àgbàlagbà yìí kó ìwé rẹ̀ sí láti ìgbà tí ó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ó mú Igbó Olódùmarè tirẹ̀ jáde, ẹ̀dà àtijọ́, òun àti mẹkáníìkì náà sì jọ gbé e wá. Mo dúpẹ́ gidigidi, mo sì ní a ó tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ó wò mí, ó ní: “Tíṣà, irú ìtọ́jú wo? Bí ó bá jẹ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ẹ fẹ́ tì í mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà fún mi. Èmi náà ní àpótí.”

Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí àáró. Bí mo bá bá ọ ro oko lónìí, ìwọ náà yóò bá mi ro tèmi lọ́la. Iṣẹ́ ni a fi ń san iṣẹ́, ebè ni a fi ń san ebè. Ẹni tí ó jẹ àáró tí ó wá kó owó wá kò tíì san án, nítorí owó kò lè gbé ọkọ́. Àáró ni ilé ìkàwé, ṣùgbọ́n ó ní ìyàtọ̀ kan: kì í ṣe ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fún wa ni à ń san án fún, ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Àwọn tí wọ́n ka ìwé ṣáájú wa, tí wọn kò fà á ya, ni wọ́n bá wa roko. Àwa náà gbọ́dọ̀ ro ti àwọn tí ń bọ̀.

Láti ìgbà náà ni a ti tún òfin wa kọ. Ohun àkọ́kọ́ tí à ń béèrè ni ìwé náà gan-an, a sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní sáà kan láti wá a lọ sọ́dọ̀ ẹbí, sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì àti sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ògbólógbòó ìwé lẹ́bàá títì. Bí kò bá rí i, kí ó mú èyí tí ó jọ ọ́ wá: eré-onítàn dípò eré-onítàn, ewì dípò ewì. Ẹni tí ó sọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá nù kò lè fi ìwé ìṣirò san án. Owó ni ó kẹ́yìn, iye tí ìwé ń lọ lónìí ni a sì ń gbà. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní agbára, a kì í lé e. Yóò wá bá wa rán àwọn ìwé tí ó ti ya, yóò sì fi bébà líle bò wọ́n, nítorí ìwé tí a gbà lọ́wọ́ ikú dára tó ìwé tí a rà. A kì í gba odindi ìwé tí a fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láìgba àṣẹ. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó jí ewúrẹ́ aládùúgbò láti fi san gbèsè ewúrẹ́. Ìwé tí a kò tẹ̀ mọ́, bí a bá ní méjì, ọ̀kan a dúró, ọ̀kan a jáde. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, yóò jáde fún ọjọ́ mẹ́ta, olùkọ́ kíláàsì yóò sì fọwọ́ sí káàdì pẹ̀lú ọmọ náà.

Ẹnì kan lè sọ pé ìbẹ̀rù mi pọ̀ jù, nítorí òfin Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 1970 pàṣẹ pé kí àwọn atẹ̀wé máa fi ẹ̀dà ìwé tí wọ́n bá gbé jáde ránṣẹ́ síbẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí ó wà níbẹ̀ kò lè wọ inú báàgì ọmọ tí ń gbé ní Ìlá tàbí ní Ìkọ̀lé, tí ìdánwò rẹ̀ ku oṣù méjì. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pẹpẹ ìwé tí ó wà ní ilé-ìwé rẹ̀ ni Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-Èdè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ wo ẹ̀yìn ìwé tí ẹ yá. Àwọn ọjọ́ tí òǹtẹ̀ tẹ̀ síbẹ̀ ni ọjọ́ tí a retí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn mìíràn, tí wọ́n sì dá a padà kí ó lè kàn yín. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Igbó Olódùmarè ti bàbá olùkọ́ náà ti jáde ju ìgbà mẹ́wàá lọ láti ọjọ́ tí ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó, a sì ti rán an lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, kò sí lórí pẹpẹ. Káàdì rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ni a sì ń retí rẹ̀.