Kí Ẹ Tó Da Dẹ́kìn

Lọ́ńdọ̀nù

Àbúrò mi àtàtà,



Mo gbọ́ pé ẹ ti fẹ́ da dẹ́kìn ilé wa ní Ìkòròdú. Inú mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ètò yín bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀? Mo mọ̀ pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" ni wàá kọ́kọ́ sọ. Àmín. Lẹ́yìn àmín, ta ló máa wa mọ́tò lọ sí ọsíbítù?

Níbi tí mo ti ń ṣe káfíńtà níbí, òṣìṣẹ́ tuntun ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òòlù kí wọ́n tó fi ibi tí gbogbo wa máa sá jọ sí hàn án, àti ẹni tó mọ ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń kọ orúkọ.

Má fojú kékeré wo orúkọ kíkọ yẹn. Nígbà tí ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road, n'Íkòyí, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ó lé ní ogójì ènìyàn tó kú. Àwọn ẹbí dúró síta fún ọjọ́ púpọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pàtó iye ènìyàn tó wà nínú ilé náà. Nítorí náà, ra ìwé kan. Kọ orúkọ bíríkìlà, kọ ti lébìrà tí ẹ pè lójú títì láàárọ̀ ọjọ́ náà, kọ ti ìyá olóúnjẹ pẹ̀lú. Ẹnu géètì ni kí ìwé náà wà o, kì í ṣe lókè dẹ́kìn.

Ẹ wá mọ́tò kan, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí títì, kí típà oníyanrìn má sì dí i. Kí nọ́ńbà pàjáwìrì, 112 àti 767, wà lórí fóònù fóòmàn. Ẹ ra fèrè: bí pákó tàbí báńbù bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tí fèrè dún, kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má padà lọ mú ṣọ́bìrì.

Bí ẹnìkan bá já bọ́ látòkè, ẹ má gbé e pọ̀n. Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà, àfi bí ewu mìíràn bá ń bọ̀, kí ẹ sì pe 112. Bí irin bá gún ènìyàn wọlé, ẹ má fà á yọ. Bí iná bá gbé ènìyàn, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ ná kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí sìmẹ́ǹtì bá wọ ojú, omi tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ yáa tọ́jú kẹ́ẹ̀gì omi kan tí wọn ò ní fi po kọnkéré.

Owó dẹ́kìn wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí o bá fi orúkọ awakọ̀ náà àti ti ọsíbítù ránṣẹ́ sí mi ni wàá rí i gbà.

Bá mi kí Màámi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ