Ayò tí Mò ń Retí

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé àgbàlagbà bí èmi, tí ewú ti yọ ní àgbọ̀n rẹ̀, ń sọ̀rọ̀ géèmù nínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka Yorùbá. Láti oṣù kẹfà ọdún 2025 tí ẹ̀rọ géèmù tí ń jẹ́ Nintendo Switch 2 ti jáde ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé ti ń kọ orúkọ àwọn eré tí wọ́n fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà ṣe sí i. Ẹnì kan ń fẹ́ ìtàn akọni, ẹlòmíràn ń fẹ́ eré ìje. Èmi náà ti kọ tèmi sí ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń múra iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí i.

Ti àkọ́kọ́ kò gùn. Mo ń fẹ́ F-Zero tuntun. Láti ìgbà tí F-Zero GX ti jáde ní ọdún 2003 ni ọkàn mi ti wà lọ́dọ̀ eré ìje náà. F-Zero 99 tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2023, nínú èyí tí ènìyàn 99 ti ń du ipò kìn-ín-ní, dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ìpìlẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n kọ́ ọ lé.

Ẹ̀bẹ̀ kan tún wà tí kì í ṣe ti eré gan-an. Ẹ jẹ́ kí géèmù máa wà nínú káàdì rẹ̀. Mo ra ọ̀kan, mo sì gbé e délé tayọ̀tayọ̀, àṣé kọ́kọ́rọ́ lásán ló wà nínú káàdì náà. Dátà ni mo ní láti fi fa eré fúnra rẹ̀ wálẹ̀. Òru mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣọ́ ọ, tí iná ń lọ, tí iná ń bọ̀. Ẹni tí ó ti sanwó iṣu lọ́jà, ṣé ó tún yẹ kí a ní kí ó lọ kọ ebè?

Èyí tí ó kàn ni ti ìlù. Ní ọdún 2003, Donkey Konga jáde fún ẹ̀rọ GameCube pẹ̀lú ìlù méjì tí a so pọ̀, tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù, tí ó sì ń gbọ́ bí a bá pàtẹ́wọ́. Ìlù náà dùn, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Gángan ni èmi ń fẹ́. Pádì méjèèjì tí ń bẹ lára Switch ń mọ̀ bí a bá gbé e sókè tàbí tí a dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ti ọwọ́ òsì di ọsán ìlù: bí a bá fún un, kí ohùn lọ sókè, bí a bá dẹ̀ ẹ́, kí ohùn rẹlẹ̀. Kí ti ọwọ́ ọ̀tún di kọ̀ǹgọ́. Kí ẹ̀rọ sọ gbólóhùn kan, kí òṣèré fi ìlù sọ ọ́ padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ igbá, tí ó lù ú ní ìgbà, kí ó pàdánù lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ẹ ń kọ igba, igbá, ìgbà àti igbà bákan náà láìfi àmì sí i, tí mo ti fi yíǹkì pupa bẹ̀ yín títí, mo gbà pé ẹ̀rọ yẹn yóò kọ́ yín jù mí lọ.

Ṣùgbọ́n ayò ni olórí ohun tí mò ń fẹ́, òun ni ó sì mú mi kọ̀wé yìí.

Ní ọdún 2020, Nintendo gbé àkójọ kan jáde tí ń jẹ́ Clubhouse Games: 51 Worldwide Classics. Lúdò wà níbẹ̀, dráfùtì wà níbẹ̀, dómínò náà kò gbẹ́yìn. Èyí tí ó ṣáájú gbogbo wọn ni Mancala, ẹni tí ó bá sì rí i lókèèrè yóò ní ayò ni. Ojú mẹ́fà wà fún òṣèré kọ̀ọ̀kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n olúkúlùkù tún ní ilé ńlá kan ní ìpẹ̀kun tí ó ń kó ọmọ pamọ́ sí. Bí ọmọ ìkẹyìn bá sì bọ́ sínú ilé yìí, onítọ̀hún yóò tún ta. Òfin Kalah nìyẹn, eré tí William Julius Champion, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1940. N kò bá a jà: bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Lórí ọpọ́n tiwa, ojú 12 ni, ọmọ 48, mẹ́rin-mẹ́rin. Bí ọmọ ìkẹyìn tí a ta bá sọ ojú ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, a jẹ ẹ́. Bí ilé rẹ̀ bá gbẹ, dandan ni kí a ta ọmọ sí i kí eré má bàa kú. Kò sí ilé ìpamọ́ kankan.

Bàbá mi, tí wọ́n ń pè ní ọ̀ta ní àdúgbò wa ní Ọ̀fà, wá kí wa nígbà kan. Ọmọ mi ọkùnrin, tí kò tíì ju ọdún mẹ́sàn-án lọ, gbé pádì lé wọn lọ́wọ́, ó sì pa wọ́n láyò lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn.

"Bàbá àgbà, ẹ̀ ń ta á sódì."

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó dáa, ìwọ ọ̀ta tuntun." Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ọpọ́n tiwọn jáde, èyí tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn, wọ́n ní kí ọmọ wá jókòó. Ọmọ wo ọpọ́n yíká, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"Ilé ìpamọ́ rẹ̀ dà? Ọpọ́n yìí kò pé."

Bàbá kò fèsì. Wọ́n kó ọmọ ayò wọn padà sínú àpò, wọ́n ní ó rẹ̀ wọ́n.

Nintendo fúnra rẹ̀ kò ṣàìmọ ohun tí mò ń wí. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìlú Kyoto ní ọdún 1889, hanafuda, káàdì olódòdó àwọn ará Japan, ni ó ń ṣe tà. Hanafuda wà nínú àkójọ ọdún 2020 náà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti òfin rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀sì wà lọ́tọ̀, shogi wà lọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tí ó ní kí ọ̀kan dúró fún èkejì nítorí pé wọ́n jọra. Bí wọ́n bá tún ṣe irú àkójọ bẹ́ẹ̀ fún Switch 2, àyè kan péré ni mo ń tọrọ: ayò ọlọ́pọ́n, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú òfin rẹ̀, kí ẹ̀rọ sì máa pe ẹni tí ó borí ní ọ̀ta, kí ó máa pe ẹni tí ó fìdí rẹmi ní ọ̀pẹ. Bí wọ́n bá tún fi ohùn àwọn òǹwòran tí kì í panu mọ́ sí i, mo dúpẹ́.

Bàbá ń bọ̀ wá bá wa ṣọdún. Wọ́n ti fi ọpọ́n náà ránṣẹ́ ṣáájú, mo sì ti fi epo nù ún. Mo ka ọmọ inú àpò lánàá, 46 ni mo bá. Èmi àti ọmọ mi ṣì ń wá méjì tí ó kù lábẹ́ àga.